Ọ̀RỌ̀ OLÙṢỌ́-ÀGÙNTÀN: Agolo Abẹ́ Ibùsùn Bàbá

Ẹ̀yin ará mi nínú Olúwa,

Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun tó kọjá, mo lọ kí ọ̀kan nínú àwọn bàbá ìjọ wa níhìn-ín ní Iléṣà, nítorí ẹsẹ̀ tó ń dùn wọ́n. Nígbà tí a gbàdúrà tán, wọ́n ní kí ọmọ-ọmọ wọn fa agolo bisikíìtì kan jáde lábẹ́ ibùsùn. Àmì-ẹ̀yẹ ológun ló wà nínú rẹ̀. Aáyán ti jẹ ríbọ́nù méjì. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń ṣe olùṣọ́-àgùntàn wọn, síbẹ̀ gbogbo ohun tí mo mọ̀ kò ju pé ṣọ́jà ni Bàbá tẹ́lẹ̀. Ojú tì mí.

Wọ́n gbé ọ̀kan lé mi lọ́wọ́. Ti Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé ni, láti Lẹ́bánónì, níbi tí àwọn ọmọ-ogun Nàìjíríà ti bá wọn ṣọ́ àlàáfíà láti 1978 sí 1983. Mo yí i padà, mo rí ohun tí wọ́n kọ sí ẹ̀yìn rẹ̀ ní èdè Gẹ̀ẹ́sì: fún iṣẹ́ ìsìn àlàáfíà. Mátíù 5:9 ló sọ sí mi lọ́kàn: "Alábùkún fún ni àwọn onílàjà." Bàbá rẹ́rìn-ín. "Pásítọ̀, ẹni tó bá ti lo 90 ọjọ́ níbẹ̀ ni wọ́n ń fún ní ìyẹn. Ti akínkanjú lọ́tọ̀." Ni wọ́n bá dárúkọ Adékúnlé Fájuyì, ọmọ Adó-Èkìtì, tó gba Military Cross nítorí akin tó ṣe ní Kóńgò. Orúkọ yẹn ni wọ́n ń gbọ́ láti kékeré tí iṣẹ́ ológun fi wọ̀ wọ́n lójú. Òṣómàáló, oníṣòwò aṣọ tó ń ru ọjà kiri, ni bàbá tó bí wọn. Ẹ̀yin ọmọ Ìjẹ̀ṣà, ẹ mọ ariwo tó máa sọ nínú irú ilé bẹ́ẹ̀ nígbà tí ọmọ bá ní òun ò ru aṣọ, ìbọn lòun fẹ́ gbé! Bẹ́ẹ̀, ìlú Ògèdèǹgbé jagunjagun náà la wà yìí.

Nígbà tí ọ̀rọ̀ kan Làìbéríà, wọn kò mú àmì kankan nínú agolo. Oṣù kẹjọ ọdún 1990 ni ECOMOG, ẹgbẹ́ ọmọ-ogun àwọn orílẹ̀-èdè Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, gúnlẹ̀ sí Monrovia. Bàbá ní òùngbẹ ló kọ́kọ́ bá wọn jà. Ọ̀rẹ́ wọn kan ní òun ń lọ wá omi wá. Kò padà. Wọ́n dákẹ́, èmi náà dákẹ́. Ọmọ-ọmọ wọn ló dé agolo náà padà.

Nígbà tí mo délé, mo ṣí 2 Sámúẹ́lì 23. Àwọn akọni mẹ́ta la ibùdó Fílístínì kọjá láti fa omi wá fún Dáfídì láti inú kànga Bẹ́tílẹ́hẹ́mù. Dáfídì kò mu ún. Ó tú u sílẹ̀ fún Olúwa, ó ní ẹ̀jẹ̀ àwọn tó fi ẹ̀mí wọn wewu ni. Mo ti fi ẹsẹ yìí wàásù rí. Lálẹ́ ọjọ́ náà ni mo tó gbọ́ ọ. Ẹ wá ka ìsàlẹ̀ orí náà: orúkọ lẹ́yìn orúkọ, gbogbo wọn jẹ́ 37. Ùráyà ará Hítì ló kẹ́yìn, ẹni tí Dáfídì ọba fúnra rẹ̀ ṣekú pa. Ọlọ́run kò jẹ́ kí orúkọ rẹ̀ sọnù.

Àwa ńkọ́? Bí ọjọ́ 15 oṣù kìíní bá pé, ọjọ́ tí ogun abẹ́lé parí ní 1970, a ó gbàdúrà ráńpẹ́ fún àwọn ológun, a ó kọjá lọ. A kì í bi wọ́n léèrè. Mélòó nínú àwọn bàbá tó lọ Bọ́mà nígbà ogun Hítílà ni ìtàn wọn bá wọn wọ ilẹ̀!

Nítorí náà, lẹ́yìn ìsìn ọjọ́ Ìsinmi tó ń bọ̀, kí àwọn ọ̀dọ́ dúró dè mí, kí wọ́n mú ìwé àti bírò dání. Bàbá ti gbà láti wá bí ẹsẹ̀ bá gbà fún wọn, àmọ́ wọ́n ní orúkọ ọ̀rẹ́ àwọn tó lọ wá omi ni kí a kọ́kọ́ kọ. Ẹ̀yin ìyá tí ọkọ yín ṣiṣẹ́ ológun, ẹ jọ̀wọ́, ẹ gbé ohun tí wọ́n fi sílẹ̀ wá, kódà bí kò bá ní ríbọ́nù mọ́. A ó gbé àga síwájú fún yín.