Fídíò Sáyẹ́ǹsì Tó Ń Fi Irọ́ Kọ́ Wa

Olóòtú,

Inú ń bí mi bí mo ṣe ń kọ lẹ́tà yìí. Lálẹ́ àná ni ọmọ mi wá fi fídíò kan hàn mí tí wọ́n ní kí gbogbo kíláàsì wọn wò. Ẹ mọ irú rẹ̀: àbẹ́là tó ń jó dúró láàárín àwo omi, wọ́n da ife gíláàsì dé e, iná kú, omi sì gòkè nínú gíláàsì. Ẹni tó ń ṣàlàyé wá ń fọwọ́ sọ̀yà pé iná ti jẹ gbogbo ọ́síjìn inú gíláàsì tán, pé omi ló bọ́ sípò rẹ̀. Orin dún, àwòrán fò sókè fò sódò, ó parí. Ọmọ mi kọ àlàyé yẹn sínú ìwé, olùkọ́ sì máàkì rẹ̀ pé ó gbà á.

Irọ́ ni. Iná àbẹ́là máa ń kú nígbà tí ọ́síjìn ṣì ṣẹ́ kù nínú gíláàsì. Ooru ló ṣe èyí tó pọ̀ jù nínú iṣẹ́ náà. Ó mú kí afẹ́fẹ́ inú gíláàsì fẹ̀, apá kan sì sá jáde lábẹ́ etí rẹ̀. Nígbà tí iná kú, afẹ́fẹ́ tó ṣẹ́ kù tutù, ó súnkì, afẹ́fẹ́ ìta wá ti omi wọlé. Ẹ̀rí wà nínú fídíò náà gan-an: lẹ́yìn tí iná kú ni omi sáré gòkè. Bó bá jẹ́ ọ́síjìn tó ń tán ló ń fa omi, ṣé kì í ṣe ìgbà tí iná ń jó ló yẹ kó ti máa gòkè díẹ̀díẹ̀? Ọmọdé lè rí i, bí wọ́n bá fún un láyè kó fojú sí i.

Kì í ṣe ọmọdé nìkan ni wọ́n ń ṣe é fún. Àwọn ọ̀dọ́ ń wo fídíò ìṣẹ́jú kan tó ní kò sí agbára òòfà ayé lókè, pé ìdí nìyẹn tí àwọn tó wà nínú ibùdó òfúrufú ISS fi ń léfòó. Nǹkan bí 400 kìlómítà péré ni ibùdó náà fi ga ju wa lọ, òòfà ayé tó wà níbẹ̀ sì tó nǹkan bí ìdá 90 nínú ọgọ́rùn-ún tiwa. Wọ́n ń já bọ́ ni, àwọn àti ibùdó wọn, àmọ́ eré tí wọ́n ń sá, nǹkan bí 28,000 kìlómítà ní wákàtí kan, ni kò jẹ́ kí wọ́n kanlẹ̀. Àwa àgbà ńkọ́? Àwa là ń fi fídíò ránṣẹ́ síra wa pé ìgbà ooru ni ayé ń sún mọ́ oòrùn, bẹ́ẹ̀ oṣù kìíní ọdún ló sún mọ́ ọn jù, nígbà tí òtútù ń gbo àwọn ará àríwá ayé.

Irọ́ ni, ẹ jẹ́ kí n tún un sọ, àwọn tó sì yẹ kó dá a dúró ń wòran. Àwọn ọ̀gá tó wà nídìí ètò ẹ̀kọ́ ń ka iye ojú tó wo fídíò. Àwọn tó ni ibi tí wọ́n ń gbé e sí ń ka owó ìpolówó. Ta ló ń ka iye ọmọ tó gba irọ́ gbọ́?

Ohun tí mo fẹ́ kí wọ́n sọ di dandan kò le. Kí fídíò dúró kí àṣírí tó tú. Kí wọ́n tó da gíláàsì dé àbẹ́là, kí wọ́n béèrè pé: kí lo rò pé yóò ṣẹlẹ̀, kí sì nìdí? Kí wọ́n wá dákẹ́ fún ìṣẹ́jú àáyá mẹ́wàá, láìsí orin, láìsí àwòrán tó ń fò. Lẹ́yìn náà, kí wọ́n gbé èrò òdì tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ní jáde, kí wọ́n dán an wò lójú gbogbo wa. Fi àbẹ́là mẹ́ta sábẹ́ gíláàsì kan náà: ọ́síjìn inú rẹ̀ kò pọ̀ sí i, síbẹ̀ omi á ga ju ti àbẹ́là kan lọ. Níbẹ̀ ni àlàyé irọ́ yẹn máa fọ́.

Kì í ṣe orí ara mi ni mo ti ń sọ ọ́. Derek Muller, tó dá Veritasium, ìkànnì fídíò sáyẹ́ǹsì lórí YouTube, sílẹ̀ ní 2011, ṣèwádìí irú èyí ní Yunifásítì Sydney. Àwọn tó wo àlàyé geere ní ó yé àwọn yékéyéké, àmọ́ nígbà ìdánwò, díẹ̀ báyìí ni wọ́n fi sàn ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Àwọn tí wọ́n kọ́kọ́ fi èrò òdì hàn, tí wọ́n sì tú u palẹ̀ níwájú wọn, ní ó dà àwọn lọ́kàn rú; àwọn yẹn gan-an ló mọ̀ ọ́n. Ariwo kọ́ ló sì ń mú fídíò dùn. Ní 1971, David Scott, arìnrìn-àjò òfúrufú ará Amẹ́ríkà, ju òòlù àti ìyẹ́ ẹyẹ sílẹ̀ lórí òṣùpá, méjèèjì balẹ̀ pọ̀. Èmi kò tíì rí ọmọ tó ní kí wọ́n fi orin sí i.

Kí olùkọ́ máa wo fídíò tán kó tó fi rán ọmọ níṣẹ́. Kí wọ́n sì máa kọ àtúnṣe sí ojú fídíò gan-an, kì í ṣe sí ìsàlẹ̀ níbi tí ẹnikẹ́ni kì í dé.

Èmi ni,
Òbí tó ń ka ìwé ìròyìn yín