Kúnlé, nípa bàtà fífúyẹ́ yẹn

Kúnlé ọ̀rẹ́ mi,

Ó tó ọjọ́ mẹ́ta. Ṣé àlàáfíà lo wà, ṣé ara àwọn ará ilé le? Mo rí lẹ́tà rẹ gbà. O kú oríire àyè tí wọ́n fún ọ nínú eré orí òkè oní-100 kìlómítà yẹn. Mo mọ̀ pé ó ti pẹ́ tí ojú rẹ ti wà lára rẹ̀.

O ní kí n sọ tinú mi fún ọ lórí bàtà fífúyẹ́ tí gbogbo ẹnu ń pariwo yìí, kí n má fi nǹkan kan bò. Ó dáa. Mo ti wọ̀ ọ́ gun òkè, mo wọ̀ ọ́ nínú òjò, mo wọ̀ ọ́ lórí ilẹ̀ gbígbẹ, mo wọ̀ ọ́ títí eyín róbà abẹ́ rẹ̀ fi bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ. Bàtà gidi ni. Ṣùgbọ́n mi ò ní gbà kí o fi òun nìkan jáde láàárọ̀ ọjọ́ eré náà.

Ká kọ́kọ́ fún un ní ẹ̀tọ́ rẹ̀. Ẹsẹ̀ kan rẹ̀ wọn gíráàmù 230, èyí tí mo ń wọ̀ tẹ́lẹ̀ sì wọn 290. Tí o bá ń gun òkè, ara rẹ á sọ ọ́ fún ọ. Ẹsẹ̀ á máa gbéra láìjanpata. Kì í sì í ṣe pé ọkàn ló ń tan èèyàn. Àwọn onímọ̀ tó ń ṣèwádìí lórí eré sísá ti wọ̀n ọ́n: tí o bá fi gíráàmù 100 kún bàtà kọ̀ọ̀kan, agbára tí ara ń ná á fi nǹkan bí ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún lé sí i. Àmọ́ wá, jẹ́ ká ṣírò rẹ̀. Gíráàmù 60 ni èmi jèrè. Ká tiẹ̀ gbà pé gbogbo rẹ̀ ló di àkókò, ẹni tó máa lo wákàtí 24 lórí òkè á fi rí nǹkan bí ìṣẹ́jú 9. Ìṣẹ́jú 9 péré! Jẹ́ kí ẹsẹ̀ kan lé ròrò, kí o jókòó sórí òkúta, kí o bọ́ bàtà, kí o nu ẹsẹ̀, kí o lẹ pílásítà, kí o tún wá bàtà wọ̀. Èrè ti lọ, o ti jẹ gbèsè.

Nítorí náà, ìsọ̀kalẹ̀ ni mo fi ń dá bàtà orí òkè lẹ́jọ́, kì í ṣe òṣùwọ̀n. Wo eré ìje UTMB tí wọ́n ń sá yí òkè Mont Blanc ká, láti Chamonix ní Fránsì, wọ Ítálì, wọ Swítsàlandì, kí wọ́n tó padà sí Chamonix. Nǹkan bí mítà 10,000 ni wọ́n ń gùn láàárín nǹkan bí 170 kìlómítà. Ibi tí wọ́n ti gbéra náà ni wọ́n ń parí sí, ìyẹn ni pé kò sí mítà kan tí wọ́n gùn tí wọn ò ní sọ̀ padà. Gígùn á gba èémí lẹ́nu èèyàn, àmọ́ èémí á padà. Itan tí ìsọ̀kalẹ̀ bá fọ́ àti èékánná tó bá dú kì í padà lọ́jọ́ náà.

Iwájú bàtà yìí ló ń kọ mí lóminú jù. Wọ́n rán an há mọ́ ẹsẹ̀ kó lè fúyẹ́, kó sì gbá ẹsẹ̀ mú lórí àpáta, ó sì ń gbá a mú lóòótọ́. Ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ máa ń wú tí èèyàn bá ti sáré fún wákàtí gbọọrọ. Ẹsẹ̀ tí o fi wọn bàtà láàárọ̀ kọ́ lo máa gbé dé òpin. Ìwọ tí ẹsẹ̀ rẹ fẹ̀ bí abẹ̀bẹ̀ (má bínú, òótọ́ ni), fi ìdajì nọ́ńbà lé e. Ìrọ̀lẹ́ ni kí o wọ̀ ọ́ wò, lẹ́yìn tí o bá ti sáré, pẹ̀lú ìbọ̀sẹ̀ tí o máa lò gan-an. Kí o wá dúró lórí ibi tó dà gẹ̀rẹ́, kí o kọjú sí ìsàlẹ̀, kí o jan ẹsẹ̀ mọ́lẹ̀ dáadáa. Tí àtàńpàkò ẹsẹ̀ bá kan iwájú, má rà á.

Okùn náà ní iṣẹ́ tirẹ̀. Ihò kan wà lókè pátápátá, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọrùn ẹsẹ̀, tí ọ̀pọ̀ èèyàn kì í lò. Ti okùn bọ̀ ọ́ láti òde wọ inú, má fà á tán, jẹ́ kó ṣe òrùka kékeré sílẹ̀ lápá kọ̀ọ̀kan. Ti orí okùn ọ̀tún gba inú òrùka òsì, kí o ti òsì gba inú òrùka ọ̀tún, kí o fa méjèèjì sísàlẹ̀ kí o tó so ó. Gìgísẹ̀ á jókòó pa, ẹsẹ̀ ò sì ní máa yọ̀ lọ síwájú. Bí mo ṣe ń so tèmi nìyẹn kí n tó bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀ òkè tó gùn, bó bá tiẹ̀ gbà pé kí n dúró tún un so.

Abẹ́ rẹ̀ wá ńkọ́? Ó tín-ínrín. Àwọn bàtà kan ní abala ike pẹlẹbẹ láàárín róbà àti fóòmù kí òkúta mímú má bàa gún ẹsẹ̀. Èyí ò ní. Ti ọwọ́ kan bọ inú bàtà, kí o fi àtàńpàkò ọwọ́ kejì tẹ abẹ́ rẹ̀ níwájú. Tí o bá gbọ́ ọ nínú, òkúta á gbà á kọjá. Ní ìbẹ̀rẹ̀ eré o máa gbádùn rẹ̀, nítorí o máa mọ ibi tí ẹsẹ̀ rẹ wà dáadáa. Nígbà tó bá di ìdajì ọ̀nà, òkúta wẹ́wẹ́ tí o ò kà sí láàárọ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í bá ọ ṣọ̀tá. Ọ̀tọ̀ sì ni gìgísẹ̀: mìlímítà 4 péré ló fi ga ju iwájú lọ. Tó bá jẹ́ pé 8 tàbí 10 lo ń wọ̀, bẹ̀rẹ̀ sí í wọ̀ ọ́ díẹ̀díẹ̀ láti ìsinsìnyí, kí iṣan ẹ̀yìn ẹsẹ̀ rẹ tó gbaná jẹ.

Róbà rẹ̀ dára lórí àpáta tutù. Ibẹ̀ ni mo gbóríyìn fún un jù. Ó rọ̀, ó ń lẹ̀ mọ́ òkúta, ìdí nìyẹn tó sì fi ń tètè jẹ. Nínú ẹrẹ̀, kò dáa rárá: àwọn eyín náà sún mọ́ra jù, ẹrẹ̀ á kún àárín wọn, o wá ń fi ẹrẹ̀ tẹ ẹrẹ̀. Ọ̀rọ̀ róbà kì í sì í ṣe ọ̀rọ̀ kékeré lórí òkè. Ní 1935, mẹ́fà lára àwọn ọ̀rẹ́ Vitale Bramani, ará Ítálì kan tó máa ń gun òkè, kú lórí òkè ní Ítálì, bàtà tí kò bá òkè mu sì wà lára ohun tí wọ́n dá lẹ́bi. Ní 1937 ó gbé àtẹ́lẹ̀ bàtà oní-róbà jáde, òun ni Vibram tí o ń rí lábẹ́ bàtà káàkiri báyìí.

Ohun kan wà tó yà mí lẹ́nu. Mo ri bàtà náà bọ omi, mo gbé e sórí òṣùwọ̀n: 310. Mo ní ó tán. Mo wọ̀ ọ́ sáré díẹ̀, mo tún wọ̀n ọ́n: ó ti sọ̀ sí 250. Aṣọ rẹ̀ fẹ́lẹ́, kò sì ní tìmùtìmù púpọ̀ lọ́rùn ẹsẹ̀, kò síbi tí omi máa lúgọ sí. Bàtà àtijọ́ mi ò lè ṣe bẹ́ẹ̀ láéláé. Tí ọ̀nà eré rẹ bá ní odò púpọ̀, èyí níye lórí ju gíráàmù 60 tí mo ní mo jèrè lẹ́ẹ̀kan lọ lọ́nà méjì.

Nítorí náà, rà á. Sá ìdajì àkọ́kọ́, níbi tí ìgòkè pọ̀ sí, pẹ̀lú rẹ̀. Ṣùgbọ́n fi bàtà kejì sínú àpò tí wọ́n máa bá ọ gbé lọ sí ibùdó àárín ọ̀nà: kí ó nípọn lábẹ́, kí ó fi ìdajì nọ́ńbà tóbi ju èyí lọ, kí ó sì ti mọ ẹsẹ̀ rẹ tẹ́lẹ̀. Má ra bàtà kejì yìí ní tuntun nítorí ọjọ́ yẹn o.

Fi àwòrán ìgòkè àti ìsọ̀kalẹ̀ ọ̀nà náà ránṣẹ́ sí mi, kí o sì wádìí bóyá òkúta ni tàbí ilẹ̀ rírọ̀ lẹ́yìn kìlómítà 60. Tó bá jẹ́ ilẹ̀ rírọ̀, tí ẹrẹ̀ ò sì sí, mo lè yí ohùn padà lórí bàtà kejì yẹn.

Bá mi kí àwọn ará ilé.

Èmi ni tìrẹ,
Bọ́lájí