Àbẹ̀kẹ́, kó àpò oúnjẹ ajá yẹn kúrò nílé

Adó-Èkìtì.

Àbẹ̀kẹ́ mi ọ̀wọ́n,

Ṣé àlàáfíà ni o wà? Gbogbo wa nílé ń bẹ, a dúpẹ́. Ẹsẹ̀ tó ń dun bàbá rẹ ti rọlẹ̀ díẹ̀. Mo fẹ́ kí o jókòó ka lẹ́tà yìí tán kí o tó pè mí, nítorí bí a bá bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ yìí lórí fóònù, ìwọ á máa bẹ̀ mí pé kí n má dààmú, èmi náà á gbàgbé ìdajì ohun tí mo fẹ́ sọ.

Má bínú sí Dàpọ̀ àbúrò rẹ. Òun ló sọ fún mi, ó sì ṣe dáadáa. Ó ní bí àpò oúnjẹ ajá bá ya ní ṣọ́ọ̀bù tí o ti ń ṣiṣẹ́, wọ́n máa ń fún ẹ̀yin òṣìṣẹ́ lọ́fẹ̀ẹ́. Ó ní ìwọ ń gbé tìrẹ lọ sílé, o ń fi omi gbígbóná rẹ ẹ́ jẹ lálẹ́, o sì ń da èyí tó gbẹ sínú ọ̀rá lọ síléèwé. Ó ní ẹ̀rín lo fi sọ ọ́. Èmi ò rí ẹ̀rín rín níbẹ̀, ọmọ mi.

Mi ò kọ̀wé láti bú ọ. Ebi kì í wọnú kí ọ̀rọ̀ mìíràn wọ̀ ọ́, mo sì mọ ohun tí owó ilé àti owó iléèwé ń fojú ọmọ rí ní UK lọ́hùn-ún. Ìwọ nìkan kọ́. Lọ́dún 2022 tí owó iná àti owó oúnjẹ wọ́n gógó ní UK, ìròyìn jáde láti Cardiff pé àwọn kan níbẹ̀ ti ń jẹ oúnjẹ ẹran ọ̀sìn. Nílé níbí náà, ní ìbẹ̀rẹ̀ 2024, àwọn ará Òkè Ọya bẹ̀rẹ̀ sí í ra afafata, ìrẹsì líle tó máa ń ṣẹ́ kù lẹ́yìn tí wọ́n bá ti bó ìrẹsì tán, tó jẹ́ pé àwọn tó ń sin ẹja ni wọ́n ń tà á fún tẹ́lẹ̀. Àwọn tó ń kó àgbàdo wá fún wa láti ọ̀hún ló kọ́kọ́ sọ fún mi, kí n tó gbọ́ ọ nínú ìròyìn. Ṣùgbọ́n ìrẹsì ni afafata. Bó ti wù kó le tó, bí wọ́n bá ṣà á dáadáa, tí wọ́n sè é pẹ́, oúnjẹ ènìyàn ṣì ni. Ohun tó wà nínú àpò tìrẹ yẹn kò rí bẹ́ẹ̀.

O mọ iṣẹ́ mi. Oúnjẹ adìyẹ àti oúnjẹ ajá tí mo ń tà ni mo fi tọ́ yín, òórùn ẹja lílọ̀ kò sì jọ yín lójú rárá. Ṣùgbọ́n ìwọ kò dúró tì mí rí lọ́jọ́ tí ọkọ̀ àgbàdo bá já ẹrù. Àwọn tó ń ṣe ògì àti ẹ̀kọ ló máa ń kọ́kọ́ dé. Wọ́n á tú àpò, wọ́n á yan èyí tó mọ́, tó gbẹ, tí kòkòrò ò tíì lu. Èyí tí òjò pa lọ́nà, tó kún fún eruku, tó fọ́ yẹ́yẹ́, a óò fi sílẹ̀ de àwa olóúnjẹ ẹran. Nígbà tó bá kàn mí, mo máa ń ti ọwọ́ bọ inú àpò títí dé ìgúnpá, kí n bu ẹ̀kúnwọ́ kan láti ìsàlẹ̀ pátápátá, torí òkè kì í sọ òótọ́. Bó bá gbóná lọ́wọ́ mi, tàbí tí mo bá rí àwọ̀ ewé mọ́ ẹnu ọmọ àgbàdo náà, níbi tó ti so mọ́ ṣúkù, mo dá a padà. Ó ti bu nìyẹn. Èyí tí ọkàn mi ò balẹ̀ sí, àmọ́ tí kò tíì burú tó bẹ́ẹ̀, a máa ń po toxin binder mọ́ ọn kó lè di májèlé inú rẹ̀ mú. Kò sí ẹni tó ń da toxin binder sí ògì, Àbẹ̀kẹ́. Àgbàdo tó bá nílò rẹ̀, ènìyàn kì í jẹ ẹ́.

Májèlé yẹn, tí bíbu máa ń mú wá, ni wọ́n ń pè ní aflatoxin. Sísè kì í pa á. Ẹ̀dọ̀ ló máa ń bá jà. Lọ́dún 2004, àgbàdo bíbu pa ènìyàn 125 ní Kẹ́ńyà. Nígbà tí ọdún 2020 ń parí lọ, oúnjẹ ajá tó ní májèlé yìí nínú pa ọ̀pọ̀ ajá ní Amẹ́ríkà, ilé iṣẹ́ tó ṣe é sì ní láti kó o kúrò lọ́jà. Mo mọ̀ pé ìwọ á ní ti òyìnbó yàtọ̀ sí tiwa, pé wọ́n ń ṣe àyẹ̀wò. Wọ́n ń ṣe é lóòótọ́. Ṣùgbọ́n wo ìwọ̀n tí òfin Yúróòpù gbà láàyè: aflatoxin B1 nínú ọkà tí ènìyàn fẹ́ jẹ kò gbọdọ̀ kọjá máíkírógíráàmù 2 nínú kílò kan. Nínú ọkà tí wọ́n fẹ́ fi ṣe oúnjẹ ẹran, 20 ni. Àwọn tó ń ṣòfin fúnra wọn mọ̀ pé kì í ṣe ènìyàn ni yóò jẹ ẹ́.

Dàpọ̀ ní o ní wọ́n kọ “complete” sára àpò náà, pé gbogbo ohun tí ara ń fẹ́ ló pé sínú rẹ̀. Èyí gan-an ló gbé mi dìde jókòó kọ lẹ́tà. Ó pé, àmọ́ ajá ni ó pé fún. Ìwọ mọ̀ pé mi ò jẹ́ kí oníbàárà mi fi oúnjẹ adìyẹ tó ń yé ẹyin bọ́ òròmọ adìyẹ. Èròjà líle tí adìyẹ ńlá fi ń ṣe èèpo ẹyin, kíndìnrín òròmọ kò lè gbé e, á bà á jẹ́. Adìyẹ àti adìyẹ nìyẹn o. Mélòó mélòó ni ajá àti ọmọ ènìyàn?

Fítámì C ńkọ́? Ajá ń ṣe tirẹ̀ nínú ẹ̀dọ̀ rẹ̀. Ọlọ́run kò dá tiwa bẹ́ẹ̀. Àfi kí a jẹ ẹ́ nínú èso, nínú ata, nínú ẹ̀fọ́. Nítorí náà, kò pọn dandan fún ẹni tó ń ṣe oúnjẹ ajá kó fi sí i, á sì tún máa kọ “complete” sára rẹ̀ láìparọ́. Ẹni tó bá wá ń jẹ irú rẹ̀ dípò oúnjẹ fún oṣù mélòó kan, tí kò jẹ èso tí kò jẹ ẹ̀fọ́, á kọ́kọ́ máa rẹ̀ ẹ́. Lẹ́yìn náà èrìgì rẹ̀ á wú, á máa ṣẹ̀jẹ̀, ojú egbò rẹ̀ kò sì ní tètè san. Àbẹ̀kẹ́, ìwọ fúnra rẹ lo sọ fún mi lóṣù tó kọjá pé ẹ̀jẹ̀ ń jáde bí o bá ń fọ eyín. Mo ní bóyá búrọ́ọ̀ṣì rẹ ló le. Ó lè jẹ́ nǹkan mìíràn, èmi kì í ṣe dókítà. Ṣùgbọ́n lọ rí dókítà, kí o sì sọ ohun tí o ti ń jẹ fún un láìfi ìkankan pamọ́. O ti san owó ìlera pọ̀ mọ́ owó físà rẹ, kò sí ìdí tí o fi máa wá máa ṣọ́ owó lórí ìyẹn.

Fítámì tó pọ̀ jù náà ń ṣe ìjàǹbá. Ní 2019, ilé iṣẹ́ ńlá kan ní Amẹ́ríkà kó oúnjẹ ajá inú agolo padà kúrò lọ́jà nítorí fítámì D tó wà nínú rẹ̀ ti pọ̀ kọjá ààlà. Inú àpòpọ̀ fítámì tí wọ́n rà lọ́wọ́ ẹlòmíràn ni àṣìṣe náà ti wá. Èmi tí mo ń ra irú àpòpọ̀ bẹ́ẹ̀ ní gbogbo ìgbà mọ̀ pé ojú lásán kò lè rí i.

Ní ti purotéènì tí o ní ó pọ̀ nínú rẹ̀, má jẹ́ kí nọ́ńbà ara àpò tàn ọ́. Lọ́dún 2007, wọ́n kó ohun tí wọ́n fi àlìkámà ṣe láti Ṣáínà lọ sí Amẹ́ríkà fún oúnjẹ ajá àti ológbò, melamine sì wà nínú rẹ̀. Melamine yẹn ni wọ́n fi ń ṣe abọ́ oníke líle. Nitrogen ni àyẹ̀wò purotéènì máa ń wá, melamine sì kún fún nitrogen, ni iye purotéènì bá ga lórí ìwé, nígbà tó jẹ́ pé kíndìnrín àwọn ẹran ń bàjẹ́. Lọ́dún 2008, melamine kan náà wọ inú wàrà ọmọdé ní Ṣáínà. Ọmọ bíi 300,000 ló ṣàìsàn, 6 sì kú. Yàtọ̀ sí ìyẹn, ẹ̀wà gbígbẹ ní purotéènì tó ìwọ̀n 23 nínú 100, oúnjẹ ajá gbígbẹ tó pọ̀ lọ́jà kò sì fi bẹ́ẹ̀ jù ú lọ.

Kòkòrò àrùn náà wà níbẹ̀. Iná ni wọ́n fi ń se kóró oúnjẹ ajá, àmọ́ lẹ́yìn tó bá ti kúrò lórí iná ni wọ́n ń wọ́n ọ̀rá àti adùn sí i lára, ibẹ̀ ni kòkòrò lè tún gbà wọlé. Ní 2012, oúnjẹ ajá gbígbẹ láti ilé iṣẹ́ kan ní South Carolina kó Salmonella ran ènìyàn 49. Kò dìgbà tí ènìyàn bá fi í sẹ́nu. Kí a fọwọ́ kàn án, tàbí kí a fọwọ́ kan ajá tó jẹ ẹ́, ti tó. Tìrẹ wá jẹ́ àpò tó ti ya, tí o ò mọ ohun tó ti wọ inú rẹ̀ ní ilé ìkẹ́rùsí.

Mi ò ní parọ́ dẹ́rù bà ọ́. Ẹni tó bá fi kóró kan sẹ́nu lẹ́ẹ̀kan kò ní kú. Ara ẹran tó yege àyẹ̀wò nílé ìpẹran, tí àwọn ènìyàn kàn ò fẹ́ jẹ, ni òfin ibẹ̀ ní kí wọ́n máa fi ṣe é, mo mọ ìyẹn. Ohun tí ń kó mi lọ́kàn sókè ni pé ó ti di oúnjẹ alẹ́ rẹ.

Jẹ́ ká wá sọ̀rọ̀ oúnjẹ. Àǹtí Bísí ní lẹ́ńtíl pupa, tó dà bí ẹ̀wà kéékèèké, kò wọ́n níbẹ̀, pé kò sì gba kí a rẹ ẹ́. Sè é títí yóò fi yọ́, fi ìjábẹ̀ jà á, fi ata, epo díẹ̀ àti ìrù sí i. Mo mọ̀ pé ará Ọ̀yọ́ ló ni gbẹ̀gìrì, pé nílé tiwa iyán àti ẹ̀gúsí la mọ̀, ṣùgbọ́n jẹ ẹ́ bẹ́ẹ̀, ó máa gbé ọ ró. Lọ òòtì, ọkà òyìnbó yẹn, kúnná, kí o rò ó bí ọkà. Ẹyin wà. Kábéèjì wà, tí owó rẹ̀ kò pọ̀, tó sì ní fítámì C. Má sè é jù. Bó bá di ọwọ́ ìrọ̀lẹ́, àwọn ṣọ́ọ̀bù ńlá máa ń lẹ sítíkà yẹ́lò mọ́ ohun tí ọjọ́ rẹ̀ fẹ́ parí, láti fi dín owó rẹ̀ kù. Rà á, má tijú.

Lọ sí food bank, ibi tí wọ́n ti ń fún aláìní ní oúnjẹ lọ́fẹ̀ẹ́, bí kò bá sí nǹkan nílé. Àǹtí Bísí ti bá mi wádìí rẹ̀: wọn kò kà á mọ́ owó ìjọba tí físà rẹ ní o kò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn. Béèrè ní yunifásítì rẹ náà bóyá wọ́n ní owó ìrànwọ́ fún akẹ́kọ̀ọ́ tí nǹkan le fún, kí o sì kọ̀wé fún un. Mo bẹ̀ ọ́, má tìtorí ebi ṣiṣẹ́ kọjá wákàtí 20 tí wọ́n fún ọ lọ́sẹ̀ nígbà tí iléèwé bá ń lọ. Wọ́n lè tìtorí rẹ̀ dá ọ padà wálé.

Èyí tó wúwo jù lọ́kàn mi ni mo fẹ́ sọ báyìí. Owó oògùn bàbá rẹ tí o ń fi ránṣẹ́ lóṣooṣù, àwa ò mọ̀ pé láti inú ikùn rẹ lo ti ń yọ ọ́. Nígbà tí mo sọ fún bàbá rẹ, kò lè jẹun lálẹ́ ọjọ́ náà. Ó ní kí n kọ ọ́ báyìí pé: òun kò ní gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ rẹ mọ́ títí ìwọ yóò fi parí ẹ̀kọ́ rẹ. Oògùn náà kò ní wọ́n wa. Mo ti bá àwọn tó jẹ mí lówó oúnjẹ adìyẹ sọ̀rọ̀, méjì nínú wọn ti ń san án díẹ̀díẹ̀, Dàpọ̀ náà sì ti rí iṣẹ́ ọjọ́ Sátidé kan ní Ìfàkì. Bí o bá fi owó ránṣẹ́, a óò dá a padà. Àti pé nígbà tí mo bá bi ọ́ pé kí lo jẹ, má sọ ìrẹsì fún mi bí kì í bá ṣe ìrẹsì. Ìyá rẹ ni mí. Mo lè gbé òótọ́.

Ọmọ ìyá Tósìn ń padà bọ̀ wá síbẹ̀ lóṣù yìí. Mo ti di gàrí, èlùbọ́, ẹ̀gúsí lílọ̀ àti ata gígún fún un. Ẹ̀wà nìkan ni mi ò fi sí i, torí láti 2015 ni Yúróòpù ti fòfin de ẹ̀wà gbígbẹ wa nítorí oògùn kòkòrò tí wọ́n ń bá lára rẹ̀. Ra tìrẹ níbẹ̀.

Ọjọ́ Àìkú lẹ́yìn ìsìn ni kí o pè wá. Tan kámẹ́rà, ṣí fíríìjì àti kọ́bọ́ọ̀dù kí n rí inú wọn, bàbá rẹ náà á jókòó tì mí. Ṣùgbọ́n kí o tó pè, kọ́kọ́ gba ọjọ́ tí dókítà máa wo èrìgì rẹ, kí o lè sọ ọjọ́ náà fún mi.

Èmi ni ìyá rẹ,
Ìyá Àbẹ̀kẹ́.