Lẹ́tà ìparí sáà sí àwọn òbí: ìrìn etíkun tí àwọn ọmọ kíláàsì àgbà máa lọ

Ẹ̀yin òbí àti alágbàtọ́ wa,

A kú ìparí sáà o. Èsì ìdánwò ti wà lọ́wọ́ àwọn ọmọ; ẹ bá wa tètè gbà á kó tó di ohun tí ń sọnù nísàlẹ̀ báàgì. Ọ̀rọ̀ owó ilé-ẹ̀kọ́ wà nínú ìwé kejì. Ìrìn ọlọ́jọ́ mẹ́rin létíkun ni mo fẹ́ fi èyí sọ, torí ìbéèrè yín ti pọ̀ ju èyí tí mo lè máa dáhùn lẹ́nu géètì.

Èyí tí mo gbọ́ jù ni: “Ọ̀gá, ṣé ẹ ò lè háyà bọ́ọ̀sì ni, tẹ́ ẹ fi ní kí àwọn ọmọ máa wọ ọkọ̀ èrò?” Owó kọ́ ni, ẹ̀yin òbí wa. Ọ̀nà etíkun kì í yí po. Ibi tí ènìyàn ti gbéra láàárọ̀ àti ibi tó máa já sí nírọ̀lẹ́ jìnnà síra wọn, ẹni tó bá sì gbé ọkọ̀ tirẹ̀ lọ gbọ́dọ̀ wá bó ṣe máa padà lọ gbé e. Bọ́ọ̀sì tó ń ná ìgbèríko etíkun ti wà níbẹ̀ fún irú èyí.

Ọkọ̀ la sì máa kọ́kọ́ wọ̀ ká tó fẹsẹ̀ rìn. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ló ń ṣe é sódì: wọ́n á rìn láti àárọ̀, wọ́n á wá máa lé ọkọ̀ ìkẹyìn nírọ̀lẹ́. Ẹni tó ń lé ọkọ̀ kì í wo ibi tó ń tẹ̀, bẹ́ẹ̀ bèbè òkè tó dojú kọ òkun kì í ṣe ibi tí à ń sáré. Tiwa, a ó wọ ọkọ̀ àárọ̀ lọ síbi tó jìnnà, a ó wá máa fẹsẹ̀ bọ̀ síbi tí a sùn sí. Bí ọmọ kan bá ń tiro, kò sí ọkọ̀ tó máa fi wá sílẹ̀. Ibi méjì la máa sùn sí, òru méjì méjì, gbogbo ọ̀nà náà sì tó 60 km.

Kí ló dé tí a ò dúró dìgbà fàájì? Nígbà náà, ilé ìtura kì í ní àyè fún ọmọ mẹ́rìnlélógún lẹ́ẹ̀kan, ọ̀nà á sì kún fọ́fọ́. Nígbà tí èrò bá ti wálẹ̀, àyè á wà. Àmọ́ ilé oúnjẹ á ti tì, omi ẹ̀rọ etí ọ̀nà àti ilé ìgbọ̀nsẹ̀ náà á ti tì, ilẹ̀ á máa yọ̀, oòrùn á sì tètè wọ̀. Ọkọ̀ pàápàá á dínkù. Ọ̀nà tí ọkọ̀ ń ná ní wákàtí-wákàtí tẹ́lẹ̀ lè ku ẹ̀ẹ̀mẹta lóòjọ́, kí ti ọjọ́ Àìkú má sí rárá. Àwọn ọmọ ló fúnra wọn ka ìwé àkókò ọkọ̀ náà. Ọ̀kan nínú wọn mú ètò wá tìgboyà-tìgboyà pé aago 7:50 la máa wọkọ̀; kò rí àmì ìràwọ̀ kékeré tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, tí wọ́n ṣàlàyé nísàlẹ̀ ìwé pé Sátidé nìkan ni. Látìgbà náà, ìsàlẹ̀ ìwé ni gbogbo wọn kọ́kọ́ ń wò.

A ti fi tó àwọn ọlọ́kọ̀ létí, a sì máa pín sí ọ̀nà méjì, kí àwa nìkan má baà kún ọkọ̀ tí ìyá àgbà kan fẹ́ wọ̀ lọ ilé ìwòsàn. Ọmọ tó bá rí àgbàlagbà lórí ìdúró tí kò dìde, èmi àti ẹ̀ máa sọ̀rọ̀.

Ẹ má rò pé etíkun tẹ́ pẹrẹsẹ. Gbogbo odò kékeré tó ń wọ òkun ló ń gé òkè sí méjì: ènìyàn á sọ̀ kalẹ̀, á tún gùn. Ọ̀nà South West Coast Path ní England gùn tó 1,014 km, òkè tí ènìyàn máa gùn lórí rẹ̀ lápapọ̀ sì tó 35,000 mítà. Ìṣirò tí William Naismith, agunkè ará Scotland, fi lélẹ̀ ní 1892 la lò: wákàtí kan fún 5 km, àti wákàtí kan lé e fún 600 mítà tí a bá gùn. Fún 15 km tó ní 600 mítà òkè, wákàtí 4 nìyẹn fún àgbàlagbà tó lágbára. Àwa ka tiwa sí wákàtí 6 lápapọ̀, torí ẹrẹ̀, torí oúnjẹ ọ̀sán, àti torí pé ọmọdé kì í rìn kó má dúró wo nǹkan.

Òkun ní aago tirẹ̀. Láti ìgbà tó bá kún tán dìgbà tó bá fà tán lé díẹ̀ ní wákàtí 6, àkókò rẹ̀ sì ń fi nǹkan bí ìṣẹ́jú 50 pẹ́ sí i lójoojúmọ́. Iyanrìn tó ṣeé rìn ní aago 10 lónìí lè ti wà lábẹ́ omi ní aago 10 ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀. Lórí ọ̀nà England tí mo dárúkọ yẹn, odò Erme ò ní ọkọ̀ ojú omi tó ń kó èrò kọjá. Nǹkan bíi wákàtí kan ṣáájú ìgbà tí omi bá fà tán àti wákàtí kan lẹ́yìn rẹ̀ ni wọ́n ń wọ́ ọ kọjá, ẹni tó bá pẹ́ á gba ọ̀nà orí ilẹ̀ yí i po. Ibi tó jọ ọ́ wà nínú ìrìn ọjọ́ kẹta wa. Ọkọ̀ aago 8:15 bá omi mu, ti 10:15 ò bá a mu. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ sọ fún ọmọ tó máa ń pẹ́ nílé ìwẹ̀.

Ẹ má di jíǹsì fún wọn. Bó bá tutù kì í gbẹ, òtútù á sì wọra. Aṣọ òjò, ìbọ̀sẹ̀ méjì sí i, ìgò omi, tọ́ọ̀ṣì àti fèrè la fẹ́. Fèrè ẹ̀ẹ̀mẹfà láàárín ìṣẹ́jú kan, ìsinmi ìṣẹ́jú kan, kí a tún fọn ọ́: ìpè fún ìrànlọ́wọ́ nìyẹn, kò sì nílò nẹ́tíwọ́ọ̀kì, tí kì í fi bẹ́ẹ̀ sí lábẹ́ òkè. Bàtà tuntun kò dára àfi tí ọmọ bá ti ń wọ̀ ọ́ láti ìsinsìnyí, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ ẹsẹ̀ á léròrò lọ́jọ́ kìíní.

Ẹ fọwọ́ sí fọ́ọ̀mù tó wà lẹ́yìn lẹ́tà yìí, kó padà dé ọ́fíìsì ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ sáà tó ń bọ̀. Bí ọmọ yín bá ní ikọ́ fée tàbí tí ibi gíga bá ń bà á lẹ́rù, ẹ kọ ọ́ síbẹ̀. A ti sàmì sí ibùdókọ̀ méjì tó sún mọ́ ọ̀nà ìrìn ojoojúmọ́, níbi tí olùkọ́ kan ti lè mú ọmọ bẹ́ẹ̀ wọ ọkọ̀ padà, tí kò ní í di ọ̀rọ̀ ẹ̀sín.

Èmi ni tiyín,
Ọ̀gá Ilé-Ẹ̀kọ́