Lẹ́tà Sáà Kìíní: Kòkòrò Tó Wà Nínú Ọgbà Ilá Wa

Ẹ̀yin òbí àti alágbàtọ́ wa ọ̀wọ́n,

Ẹ kú ìtọ́jú ọmọ, ẹ kú ìnáwó. Èsì ìdánwò àárín sáà wà lọ́wọ́ àwọn olùkọ́ kíláàsì. Ọ̀rọ̀ kòkòrò ni mo tìtorí ẹ̀ kọ̀wé.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ìyá kan wá bá mi ní ọ́fíìsì tomijétomijé. Ó fa kọ́là ọmọ rẹ̀ sílẹ̀, ó ní kí n wo ọrùn ọmọ òun. Ìléròrò mẹ́ta ló tò síbẹ̀, omi kún inú wọn, wọ́n ń dán, bí ìgbà tí omi gbígbóná dà síni lára. Ó ti gbà pé olùkọ́ kan ló fi nǹkan jó o. Mi ò bínú sí i. Èmi náà ì bá rò bẹ́ẹ̀. A bi ọmọ náà títí, kó tó rántí pé nígbà tí àwọn ń ká ilá lánàá, kòkòrò kan bà sí òun lọ́rùn, òun sì fọwọ́ tẹ̀ ẹ́ pa. Kò dùn ún rárá nígbà náà.

Ibẹ̀ gan-an lewu wà. Kòkòrò yìí, tí wọ́n ń pè ní blister beetle lédè Òyìnbó, kì í ta ni. Orí òdòdó ilá àti ti ẹ̀wà ló máa ń wà, ara rẹ̀ dúdú, ó sì ní ìlà pupa tàbí àwọ̀ ìyeyè lẹ́yìn. Tí a bá tẹ̀ ẹ́, omi olóró kan á jáde lára rẹ̀, cantharidin ni wọ́n ń pe oró náà. Wákàtí mélòó kan lè kọjá kí ara tó lé ròrò. Bó tilẹ̀ kú tó gbẹ, oró rẹ̀ wà síbẹ̀. Ẹṣin tó bá jẹ ẹ́ mọ́ koríko lè kú. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ní oko lọ́nà Ìkòyí-Ilé, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má da òkú rẹ̀ sí oúnjẹ ẹran.

Tó bá bà sí ọmọ lára, kó fẹ́ ẹ dànù, kó má gbá a. Tó bá ti fọ́, ọṣẹ àti omi púpọ̀ lójú ẹsẹ̀, kó má fọwọ́ nu ojú. Ẹ má tú ìléròrò náà, ẹ má fi omi bátìrì tàbí kẹrosíìnì sí i. Tó bá kan ojú, tàbí tí ọmọ kékeré bá fi sẹ́nu, ilé ìwòsàn ni kíá.

A ò ní ti ọgbà pa. Ní ọjọ́ méjì-méjì tàbí mẹ́ta-mẹ́ta la máa ń ká ilá, nítorí náà mi ò fẹ́ kí wọ́n fín oògùn sí i, kó má bàa kù sára èyí tí a máa jẹ. Olùkọ́ àgíríìkì ló ń fi ìbọ̀wọ́ ṣa àwọn kòkòrò náà láàárọ̀ sínú omi ọṣẹ. Ní gbogbo ọjọ́rú tí wọ́n bá ń lọ sí ọgbà, ẹ jẹ́ kí ọmọ yín mú ẹ̀wù alápá gígùn àti ìbọ̀sẹ̀ wá.

Ọrùn ọmọ náà ti ń jinná.

Tiyín ní tòótọ́,
Ọ̀gá Ilé-Ẹ̀kọ́, Ògbómọ̀ṣọ́