Bísọ́lá, èmi náà ti ń gbọ́ Faransé

Ẹ̀bútẹ́-Mẹ́ta, Èkó.
Ọjọ́ Àìkú, lálẹ́.

Chère Bísọ́lá, comment vas-tu ? Moi, je vais bien. Je vends des pagnes à Lagos. Il fait chaud et il n'y a pas de courant.

Má rẹ́rìn-ín. Iṣẹ́ àṣetiléwá ni. Tíṣà mi ní kí n kọ ìlà mẹ́wàá ní Faransé sí ọ̀rẹ́ mi kan tó wà lókè òkun, ta ni mo tún ní níbẹ̀ bí kò ṣe ìwọ? Ibi tí agbára mi mọ nìyẹn, láti aago méje ni mo sì ti jókòó tì í. Èyí tó kù, jẹ́ n fi èdè ìyá mi sọ ọ́.

Mo mọ ohun tí o máa bi mí. Kí ni oníṣòwò àǹkárá ní Balógun fẹ́ fi Faransé ṣe? Ṣebí bí èèyàn bá dé Dantokpa ní Kútọnu, Yorùbá ni wọ́n á fi bá a nájà títí ilẹ̀ á fi ṣú. Òótọ́ ni. Àmọ́ tìtorí àwọn tó ń wá ra ọjà lọ́wọ́ mi ni mo ṣe ń kọ́ ọ, kì í ṣe tìtorí àwọn tí mò ń lọ bá. Láti Lómè, láti Abíjan, wọ́n á dé ìsọ̀ mi ní méjì-méjì, wọ́n á fi Gẹ̀ẹ́sì jágajàga ná ọjà, wọ́n á wá kọjú síra wọn, wọ́n á máa fi Faransé gbìmọ̀ lójú mi kòrókòró. Èmi á dúró bí ère. Èrè mi ni wọ́n ń gé, mi ò sì gbọ́.

Èyí tó dùn mí jù ni ti oṣù Kejì. Obìnrin kan ní òun fẹ́ "trois pagnes". Mo gbọ́ "trois", inú mi dùn pé mo gbọ́ nǹkan, mo fa àlùmọ́gàjí yọ, mo gé yáàdì mẹ́ta. Ló bá figbe ta. Mi ò mọ̀ pé lọ́dọ̀ tiwọn, yáàdì méjì ni wọ́n ń pè ní pagne kan. Pagne mẹ́ta jẹ́ yáàdì mẹ́fà, pagne mẹ́fà sì ni odindi píìsì, yáàdì méjìlá. Kò gba èyí tí mo gé, kò sì ra òmíràn. Aṣọ yẹn ni mo fi rán bùbá tí o ń yìn nínú fọ́tò ọjọ́ ìbí mi.

Ṣé o rántí 1996, nígbà tí Abacha kéde pé Faransé yóò di èdè ìjọba kejì ní Nàìjíríà? Gbogbo wa á na dìde, a ó kígbe "Bonjour monsieur" ká tó jókòó. Kò pẹ́ tí ọ̀gá Faransé wa fi ríṣẹ́ sí báńkì, ọ̀rọ̀ sì parí síbẹ̀. Lọ́dún tó kọjá mo tún lọ forúkọ sílẹ̀ ní kíláàsì kan ní Yábàá. A tó ọgbọ̀n nínú yàrá kan, ó sì fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ pé gbogbo wọn ló ń wá máàkì tí wọ́n á fi lọ sí Kánádà. Odindi ọ̀sẹ̀ méjì la fi béèrè ọ̀nà ibùdókọ̀ rélùwéè ní Paris, èmi tí mò ń wọ dáńfó láti Òyìngbò lọ sí Ìdúmọ̀tà! Mo san owó oṣù mẹ́ta, oṣù kan ni mo lò.

Ọmọ Kétu ti ilẹ̀ Benin ni tíṣà tuntun yìí, Àjàṣẹ́ tí wọ́n ń pè ní Porto-Novo ló ń gbé. Ààlà tí Faransé àti Gẹ̀ẹ́sì fà ní 1889 ló gbé Kétu sọ́hùn-ún, tó fi Ìmẹ̀kọ sílẹ̀ níhìn-ín, òun ló jẹ́ kí Yorùbá máa fi Yorùbá kọ́ Yorùbá ní Faransé. Orí fóònù la ti ń pàdé, ní alẹ́ Ọjọ́ Ìṣẹ́gun àti Ọjọ́bọ̀, èmi àti òun nìkan. Ní ọjọ́ kìíní, kò mú ìwé kankan jáde. Ó ní, "Mà, láti àárọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́, kí lẹ máa ń sọ ní ìsọ̀? Ẹ gbà á sílẹ̀ fún mi." Mo gbé fóònù sórí káńtà, mo sì fi ohùn náà ránṣẹ́ sí i lórí WhatsApp, èébú tí mo bú alábàárù wà nínú ẹ̀. Ibẹ̀ ló ti yọ gbogbo ẹ̀kọ́ mi. Mo mọ "c'est le dernier prix", iye tó kẹ́yìn nìyí, kí n tó mọ bí wọ́n ṣe ń béèrè orúkọ èèyàn. "Touchez, ça ne déteint pas": ẹ fọwọ́ kàn án, kò ní ṣí. Bí mo bá ṣì í sọ, kì í já lu ọ̀rọ̀ mi. Á kọ ọ́ sílẹ̀, á fi ránṣẹ́ bí a bá parí, ibẹ̀ náà la ó ti bẹ̀rẹ̀ lọ́jọ́ kejì.

Jẹ́ n sọ ti òǹkà fún ọ. Ní Yábàá, mo béèrè ìdí tí ọgọ́rin fi ń jẹ́ quatre-vingts, wọ́n ní kí n há a sórí. Ọmọ Kétu yìí bi mí pé, "Mà, kí ni ọgọ́rin?" Mo ní ọgọ́rin ni ọgọ́rin. Ó ní kí n tú u. Ogún mẹ́rin! Bísọ́lá, mo kígbe débi pé ìyá tó wà ní yàrá kejì béèrè bóyá mo jẹ tẹ́tẹ́ ni. Quatre, mẹ́rin; vingt, ogún. Bí àwọn baba wa ṣe ka owó ẹyọ gẹ́lẹ́ ni. Ibi àádọ́rùn-ún la ti yà: àwa yọ ẹ̀wá kúrò nínú ọgọ́rùn-ún, àwọn fi ẹ̀wá lé ọgọ́rin, quatre-vingt-dix. Ó ní àwọn ará Bẹ́ljíọ̀mù tìrẹ kì í ṣe wàhálà yẹn, pé septante ni wọ́n ń pe àádọ́rin, nonante ni wọ́n ń pe àádọ́rùn-ún. Ọdún mẹ́sàn-án lo ti wà ní Brussels, o ò sọ fún mi rí!

Ohùn imú ò ni mí lára. On wọn ni ìparí ìbọn, in wọn ni ìparí ìyẹn. Ibi tí ẹsẹ̀ ti yọ̀ mí ni u wọn: kéèyàn ká ètè bí ẹni fẹ́ súfèé, kó wá pe "i". Nígbà tí mo fi lè pè é, mo wá ń fi sí ibi gbogbo. Mo fi ìgbéraga kí tíṣà mi "merci beaucoup" lálẹ́ ọjọ́ kan, ó pa fídíò. Mo rò pé nẹ́tíwọ́ọ̀kì ni. Ẹ̀rín ló ń rín. Ohun tí mo sọ ni "merci, beau cul", pé mo dúpẹ́, ìdí rẹ dára.

Ti tu àti vous rọrùn, ìwọ àti ẹ̀yin ni. Tíṣà ni, nítorí náà mò ń pè é ní vous; bí a bá bọ́ sí Yorùbá, ọmọ ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n ni, mo ń pè é ní "o". Ìyẹn ò tíì yé òun gan-an. Le àti la, akọ àti abo ọ̀rọ̀, ló fẹ́ pa mí, àwa tí a ń fi "ó" pe ọkọ, ìyàwó àti ewúrẹ́. Ó ní kí n so òwú pupa mọ́ gbogbo ohun tó bá jẹ́ la ní ìsọ̀: la chaise, la règle, la caisse. Oníbàárà kan ti bi mí bóyá àwúre ni.

Ní Ọjọ́bọ̀ tó kọjá, àwọn méjì dé láti Abíjan. Wọ́n ná ọjà títí, ọ̀kan wá sọ fún èkejì pé, "Attends, elle va baisser": dúró ná, ó máa sọ̀kalẹ̀. Mo gbọ́ ọ, ọ̀rọ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Àyà mi ń já, mo ṣáà ń ká aṣọ. Lẹ́yìn ìgbà tí wọ́n ti dúró tó, mo ní, "Non madame, elle ne va pas baisser": rárá mà, kò ní sọ̀kalẹ̀. Wọ́n bú sẹ́rìn-ín, wọ́n fa àga, wọ́n jókòó, Faransé wá ń dà lé mi lórí bí òjò. Mi ò gbọ́ ọ̀kankan mọ́. Wọ́n ra píìsì mẹ́wàá. Mo sì sọ̀kalẹ̀ díẹ̀, kí n má parọ́ fún ọ.

Ó ṣì ku ìlà mẹ́rin tí mo jẹ tíṣà. Pè mí ní Ọjọ́ Àìkú tó ń bọ̀ lẹ́yìn ṣọ́ọ̀ṣì, ká sọ Faransé fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá péré, mà á mú mẹ́rin níbẹ̀. Jọ̀ọ́, rọra máa sọ̀rọ̀.

Rẹ̀mí rẹ