Àbẹ̀kẹ́, ikọ́ ọmọ yẹn ń bà mí lẹ́rù

Àbẹ̀kẹ́ mi,

Ṣé dáadáa lo wà? Ọkọ rẹ ńkọ́? Ikọ́ Ayọ̀mídé ńkọ́? Má bi mí pé ta ló sọ fún mi. Ẹni tó wá kí yín ní Peckham, ní London, ti ròyìn gbogbo rẹ̀ fún ìyá rẹ: pé yàrá abẹ́ ilẹ̀ lẹ ń gbé, pé ògiri ibi tí ọmọ ń sùn ti bu dúdú láti ilẹ̀ dé ìdí fèrèsé, pé ọmọ náà ń húkọ́ mọ́jú. Ìwọ sì ń sọ fún wa lórí fóònù pé ilé yín dára. Ilé wo ló dára?

Orúnkún ìyá rẹ ti fúyẹ́ díẹ̀. Wọ́n ti mú iná wa lọ láti ọjọ́ Àìkú. Káyọ̀dé ti ṣe JAMB, èsì kò tíì jáde.

Bíríkìlà ni bàbá rẹ, Àbẹ̀kẹ́. Owó ògiri la fi rán ọ níléèwé, o kò sì lè fi ọ̀rọ̀ ògiri lọ̀ mí? Wọ́n ní láti ayé Ọbabìnrin Victoria ni ilé yẹn ti wà. Púpọ̀ nínú irú wọn kò ní DPC tó dáa, èyí tí àwa máa ń tẹ́ sórí ìpìlẹ̀ kí omi ilẹ̀ má baà gun bíríkì. Ti abẹ́ ilẹ̀ tún burú sí i, nítorí erùpẹ̀ tútù ló fara ti ògiri rẹ̀ láti ìta. Lime, ìyẹn òkúta ẹfun tí wọ́n sun, àti iyanrìn làwọn ará àtijọ́ fi ń rẹ́ ògiri, omi tó bá wọlé á rí ọ̀nà jáde. Bí ẹnì kan bá wá fi sìmẹ́ǹtì rẹ́ ẹ lẹ́yìn náà, ó ti sé omi mọ́nú nìyẹn. Ohun tí àwọn ẹbí ṣe sí ògiri amọ̀ ilé bàbá mi nìyẹn: sìmẹ́ǹtì ń dán níta, amọ̀ ń jẹrà nínú.

Kí o tó bá lánlọ́ọ̀dù fa ọ̀rọ̀, mọ ibi tí omi ti ń wá. Fi oríkèé ìka kan ògiri náà. Ibi tó bá ń dún òfìfo, pílásítà ti ṣí kúrò lára bíríkì níbẹ̀. Bí ìlà omi bá dúró ní nǹkan bíi mítà kan sí ilẹ̀, tí iyọ̀ funfun ń yọ létí rẹ̀, láti ilẹ̀ ló ti ń gòkè. Bó bá jẹ́ lẹ́yìn òjò ni ojú kan ń rin gbingbin, jáde síta kí o wo gọ́tà etí òrùlé. Ewé lè ti dí i. Bó bá sì jẹ́ igun yàrá àti ẹ̀yìn kọ́bọ́ọ̀dù ló dúdú jù, èémí yín àti ìkòkò ọbẹ̀ àti aṣọ tí ẹ ń sá sínú ilé wà nínú ẹ̀. Kò dá ọ lójú? Nu ojú kan gbẹ, fi sẹlotéèpù lẹ náílọ̀nù mọ́ ọn yíká, fi í sílẹ̀ fún ọjọ́ méjì. Omi tó bá dúró lójú náílọ̀nù, inú yàrá ló ti wá. Èyí tó bá wà lẹ́yìn rẹ̀, ògiri ló ni ín.

Ikọ́ yẹn, ṣé gbígbẹ ni? Ṣé àyà rẹ̀ ń dún fìn-ìn bó bá sùn? Gbé e lọ sọ́dọ̀ dókítà, kí o sì sọ ọ̀rọ̀ ògiri fún un. Òrí tí ìyá rẹ fi ránṣẹ́ kò lè dá èyí ṣe.

Mo gbọ́ pé lánlọ́ọ̀dù rán ẹnì kan wá fi ọ̀dà funfun kùn ún. Ọ̀dà! Lórí ògiri tútù! Fa bẹ́ẹ̀dì ọmọ kúrò lára ògiri lónìí. Má ha dúdú yẹn ní gbígbẹ, yóò fọ́n káàkiri yàrá. Fi àkísà tútù àti ọṣẹ nù ún, kí o sọ àkísà náà nù, kí ọmọ má sí nítòsí. Má po bleach mọ́ oògùn ìfọlé mìíràn. Ihò atẹ́gùn tó wà lára ògiri, mo mọ̀ pé o ti fi aṣọ dí i. Láti kékeré lo ti kórìíra òtútù. Tú u.

Nǹkan kan wà tí mi ò fẹ́ kọ. Káyọ̀dé ló kà á fún mi. Ọmọ ọdún méjì kan, Awaab Ishak, kú ní Rochdale ní December 2020. Ní November 2022 ni adájọ́ tó wádìí ikú rẹ̀ sọ pé ohun dúdú tó ń hù lára ògiri ilé wọn ló fà á. Bàbá rẹ̀ ti fẹjọ́ sùn títí. Ayọ̀mídé á pé ọdún méjì lóṣù kẹta. Orúkọ ọmọ náà ni wọ́n fi pe òfin tó bẹ̀rẹ̀ ní October 2025 fún ilé káńsù àti irú rẹ̀. Lánlọ́ọ̀dù tìrẹ, aládàáni ni, òfin yẹn kò tíì dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Ṣùgbọ́n òfin 2018 wà tó ní ilé tí a gbé fún ayálégbé gbọ́dọ̀ yẹ fún ènìyàn. Ya fọ́tò, kọ̀wé sí i. Bó bá dákẹ́, káńsù ní àwọn tó ń wo ìlera inú ilé. Má bẹ̀rù pé wọ́n á lé yín.

Mo mọ ìdí tí ẹ fi gba abẹ́ ilẹ̀. Ó dínwó. Èmi ni mò ń pè ọ́ níparí oṣù pé páànù ti gbówó lórí. Nígbà tí owó kò dé lóṣù tó kọjá, mo ní ọmọ tó bá ti rí ìlú òyìnbó, ilé ò jọ ọ́ lójú mọ́. O gbé fóònù sílẹ̀, o kò sì tíì pè. Ọ̀rọ̀ yẹn ò yẹ lẹ́nu mi. Mo ti kan páànù náà tán; mi ò bi ọ́ lẹ́ẹ̀kan rí pé ibo ni ẹ̀yin ń sùn.

Má fi kọ́bọ̀ ránṣẹ́ lóṣù yìí. Ra ẹ̀rọ tó ń fa omi inú atẹ́gùn. Kò ní í wo ògiri sàn o, á kàn jẹ́ kí ọmọ rí èémí mí títí ẹ ó fi kó. Ẹ ó kó. Àbúrò ìyá rẹ ní Thamesmead ní yàrá kan tó ṣófo, mo ti bá a sọ ọ́ láì gba àṣẹ lọ́wọ́ rẹ. Bínú tó bá wù ọ́.

Bàbá rẹ.

Ìyá rẹ ní kí n fi kún un pé òrí yẹn, kí o fi pa á lẹ́yìn pẹ̀lú, kì í ṣe àyà nìkan.